Kọ́kọ́rọ́ Kọ́ Ni Oògùn Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Wa

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ẹ ń ná Cele, Òkòtà, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ bo imú, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ti sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀tá òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí àwa ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Àgọ́ Palace níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìwé kan ti ń rìn kiri láàárín wa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìwé náà ń bẹ ọ̀gá pé kí ó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọwọ́ súpáfáísọ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ máa kọ orúkọ àti àkókò sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gé owó oṣù ẹni tí ó bá bà á jẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá ni ó kọ ìwé yìí o. Àwa òṣìṣẹ́ fúnra wa ni a kọ ọ́. Ènìyàn 31 ti fi ọwọ́ sí i. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ kò fi ọwọ́ sí i, a kò sì ní fi ọwọ́ sí i láéláé. Ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

A mọ ohun tí ó ń bí yín nínú

A kò ní purọ́ fún ara wa. Ìwà àwọn kan nínú wa burú. Ẹni kan yóò ṣe tán, kò ní da omi sí i, yóò sì jáde bí ẹni tí ó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ẹlòmíràn yóò gun orí ìjókòó pẹ̀lú bàtà, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ bí òǹtẹ̀. Ẹlòmíràn yóò fi bébà ìwé ìròyìn dí ihò. Ẹlòmíràn yóò jókòó síbẹ̀ tí yóò máa fi fóònù wo bọ́ọ̀lù, nígbà tí ènìyàn mẹ́fà ń fò sókè fò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọṣẹ tí a gbé síbẹ̀ láàárọ̀ kì í di ọ̀sán. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru yóò lọ sí ilé, àwọn ará àárọ̀ yóò wá bá ohun tí a kò lè sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Nítorí náà, ẹni tí inú ń bí kò ṣẹ̀.

Àwa aṣojú gan-an ti ṣe àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún tí ó kọjá, a lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ ara ìlẹ̀kùn pé: ‘Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni kì í da omi.’ A rò pé a ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti fi bírò kọ ọ̀rọ̀ méjì sí abẹ́ rẹ̀: ‘Omi wo?’ A lọ wo táńkì. Ó ti gbẹ láti aago mẹ́wàá. A yọ ìwé wa kúrò ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú sì tì wá. A ti bú àwọn ènìyàn wa ní ẹlẹ́dẹ̀ nítorí omi tí kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò

Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé a kò ní fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a mú ìwé àti bírò, a ka gbogbo rẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ jẹ́ 74: ọkùnrin 51, obìnrin 23. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta ni ó wà fún wa. Ike omi ọ̀kan ti fọ́, páálí ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Ó ku méjì. Tọkùnrin tobìnrin ni ó ń lò ó. Ìsinmi ọ̀sán jẹ́ 30 ìṣẹ́jú. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò lo ọ̀kan, ènìyàn 20 ni yóò lo méjèèjì. Ènìyàn 54 ṣẹ́ kù. Níbo ni kí àwọn 54 yìí lọ? Àwọn ọkùnrin ń lọ sí ẹ̀yìn ògiri lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn obìnrin ń mú un mọ́ra.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọ̀gá mẹ́rin ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì tiwọn, pẹ̀lú omi, ọṣẹ àti bébà. Ẹni méjì sí ọ̀kan lókè, ẹni 37 sí ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé ọ̀gá mọ́ ju òṣìṣẹ́ lọ nítorí ìwà rẹ̀. Ẹ kó àwọn 74 lọ sókè, kí ẹ kó àwọn ọ̀gá mẹ́rin wá sísàlẹ̀, kí oṣù kan kọjá, kí ẹ sì wá wò ó bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè kò ní rùn.

Ìyá tí ń gbálẹ̀ ńkọ́? Kọngílá ni ó gbà á, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Òun nìkan ni ó ń gbá ọ́fíìsì, tí ó ń nu pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ó sì ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo wa. Ìgò Hypo kan ni wọ́n ń fún un fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní ìbọ̀wọ́. Síbẹ̀ òun ni a ń jágbe mọ́. Nígbà ayé agbépóò ní Èkó, kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí a mọ ohun tí ó lè gbé kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹni. Lónìí a ń bú ẹni tí ń bá wa kó ẹ̀gbin, nítorí pé a mọ̀ pé kò lè fèsì.

Ohun tí òfin sọ

Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, èyí tí a ń pè ní Factories Act, wà láti ọdún 1987, ó sì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó tó, tí ó sì yẹ, fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì wà ní mímọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi iná sí i. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti jọ ń ṣiṣẹ́, ti ọkùnrin gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ti obìnrin gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ ni òfin di ẹrù yìí lé lórí. Ìjọba àpapọ̀ sì ní àwọn alábẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ní àṣẹ láti wọ inú ọgbà iṣẹ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ gígé owó ńkọ́? Òfin òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974, Labour Act, ní abala 5 rẹ̀, kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gé owó òṣìṣẹ́ nítorí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó tó lè yọ kọ́bọ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí òfin ti fi dáàbò bò wá láti ọjọ́ yìí wá, àwa ni a tún ń fi ọwọ́ ara wa kọ ìwé pé kí wọ́n gbà á kúrò?

Ohun tí kọ́kọ́rọ́ yóò ṣe

Ẹ wo ọ̀rọ̀ arábìnrin wa kan ní ẹ̀ka ìdìpọ̀. Obìnrin yìí kì í mu omi láti ìgbà tí ó bá ti jí títí tí yóò fi padà sílé, kí ó má baà lọ tò pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Ẹ mọ bí ooru ẹ̀rọ ọ̀rá ti máa ń rí nínú oṣù kẹta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú wa. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í pé, ‘Àǹtí, ìgbà wo ni ẹ mu omi kẹ́yìn?’ Ó ní, ‘Alẹ́ àná ni.’ Àwọn elétò ìlera sì ti sọ fún wa tipẹ́ pé àìmu omi tó àti ìtọ̀ tí a ń mú mọ́ra ń fa àrùn sí ọ̀nà ìtọ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ wá rò ó wò. Obìnrin yìí ni ẹ fẹ́ kí ó máa lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin? Ẹni tí ó ń ṣe nǹkan oṣù ńkọ́, ṣé yóò máa ṣàlàyé ìdí tí ó fi lọ lẹ́ẹ̀mẹta? Aboyún ńkọ́? Ẹni tí inú ń ṣu ńkọ́? Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ òtítọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ṣé súpáfáísọ̀ yóò yára fún un ní kọ́kọ́rọ́? Ìwé tí a ń kọ orúkọ sí lónìí nítorí ìmọ́tótó, ní ọ̀la òun ni wọn yóò fi lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ìwé yìí ni ẹnu tí ògiri wa fẹ́ là.

Kọ́kọ́rọ́ kò ní pọn omi sínú táńkì. Kò ní tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Kò ní sọ méjì di márùn-ún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yín náà ni

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ohun tí ó bá ojú bá imú. Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń mú láti Cele títí dé Mile 2, ẹ mọ ìgò tí ó wà lábẹ́ ìjókòó yín. Àwọn gáréèjì ń gba owó lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, síbẹ̀ owó ni ẹ tún fi ń tọ̀. Olóògbé Isaac Durojaiye, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ọ̀túnba Gadaffi, sọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká di òwò ńlá kí ó tó kú ní ọdún 2012, nítorí ó rí i pé Èkó kún fún ènìyàn tí kò ní ibi tí wọn yóò gbọnsẹ̀ sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba abẹ́ afárá kọjá, imú yín mọ bí àṣẹ náà ti ṣiṣẹ́ sí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Amazon kọ́kọ́ sẹ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ òun tí ń tọ̀ sínú ìgò. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ó tọrọ àforíjì, ó gbà pé òótọ́ ni pé ó ń ṣòro fún awakọ̀ òun láti rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní London, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Unite, pariwo títí, kí mayọ̀ ìlú náà, Sadiq Khan, tó kéde 6 mílíọ̀nù pọ́ùn ní ọdún 2018 fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Àwọn awakọ̀ náà kò bá ara wọn jà lórí ẹni tí ó tọ̀ síbi tí kò yẹ. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni wọ́n kọjú sí.

Ohun tí a ń bèèrè

Ohun tí àwa aṣojú fẹ́ gbé lọ bá ọ̀gá nìyí. Kí wọ́n kó páálí kúrò, kí wọ́n tún ẹ̀kẹta ṣe. Kí wọ́n kọ́ ti obìnrin lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tí a lè tì láti inú àti agbọ̀n onídèérí. Kí wọ́n máa fa omi sí táńkì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí iná wà fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru. Kí ọṣẹ wà. Kí wọ́n fún ìyá agbálẹ̀ ní ẹnìkejì, ìbọ̀wọ́, àti ohun èlò tí ó tó. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí ìwé orúkọ, kò sí gígé owó.

Àwa náà yóò ṣe tiwa. Ẹni tí ó bá lò ó, kí ó da omi sí i. Kí a má ṣe gun orí ìjókòó. Kí fóònù dúró sí ìta. Kí ọṣẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Bí iṣẹ́ òru bá ń parí, kí aṣojú òru àti aṣojú àárọ̀ jọ wọ ibẹ̀ wò, kí ọ̀rọ̀ ‘àwọn ni, àwa kọ́’ lè dópin.

Ẹ̀yin 31 tí ẹ fi ọwọ́ sí ìwé, a kò bá yín jà, a kò sì ní ka orúkọ yín síta. Òórùn ni ó lé yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹ̀ka wa ń bọ̀. Ẹ wá síbẹ̀, kí ẹ fa orúkọ yín yọ kúrò nínú ìwé kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi sí abẹ́ ìwé omi. Bí a bá jẹ́ 74 lórí ìwé kan, ọ̀gá yóò gbọ́. Bí 31 bá ń fi 43 sùn, ọ̀gá yóò ti fèrèsé òkè, yóò sì máa wò wá.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.