KÁLÁMÙ TÍ ỌWỌ́ ARA WA GBẸ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a rò pé ó yẹ kí a gbé síwájú yín kí sáà tó parí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní gbangba ni tọmọdé tàgbà lè dá sí. Ní wákàtí iṣẹ́ ọwọ́, àwa tí a wà ní ọdún kejì ti ń fi igi gbẹ́ kálámù. Òòfà wà nínú ọmọrí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti mú ọmọrí náà súnmọ́ ẹnu kálámù, fúnra rẹ̀ ni yóò fò mọ́ ọn. Àwọn kan nínú wa ń wí pé àkókò ni a ń fi ṣòfò: iṣẹ́ olùkọ́ ni a wá kọ́, a kò wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Àwọn mìíràn fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé wọ́n dá a lábàá pé kí a fi àwọn kálámù wọ̀nyí ta àwọn ọmọ kéékèèké lọ́rẹ, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ti ń fi ìkọ́ni dánra wò, ní ọjọ́ ìparí sáà. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni ó ṣì í. Ó yẹ kí olùkọ́ gbẹ́ kálámù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi òòfà lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí wọ́n ń kẹ́gàn iṣẹ́ náà lóhùn. Ta ni nínú wa tí kò mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther? Òun ni ó kọ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1843, òun náà ni ó sì ṣíwájú nínú wàhálà títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, tí a sì mú un dé Sierra Leone, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú, ní Bathurst. Ọwọ́ tí ó di ìfági mú ni ó di kálámù mú lẹ́yìn náà. A kò gbọ́ pé ìfági ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Bí iṣẹ́ igi kò bá rẹ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe rẹ àwa sílẹ̀?

Ẹ tún wo orúkọ tí a ń pe ohun ìkọ̀wé wa. Kálámù ti inú èdè Lárúbáwá wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ọ̀pá esùsú tí a gé ní ẹnu láti fi kọ̀wé. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ti ń fi irú kálámù tí a fi ọwọ́ gbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sí ara wàláà, igi sì ni wàláà pẹ̀lú. Nítorí náà, kálámù tí a fi ọwọ́ gbẹ́ kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Bírò tí a ń rà lójoojúmọ́ pàápàá, orúkọ ènìyàn ni. László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, oníṣẹ́ ìwé ìròyìn ni. Kálámù tí tàdáwà rẹ̀ ń kán sílẹ̀, tí kì í sì í tètè gbẹ, ni ó sú u, ni òun àti arákùnrin rẹ̀ bá jókòó ti ọgbọ́n mìíràn. Ní 1938 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí kálámù tí bọ́ọ̀lù kékeré ń yí ní ẹnu rẹ̀. Akọ̀wé ni, ṣùgbọ́n kò kọ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ó yẹ kí a sọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹni tí kò tíì dé ìdí rẹ̀ má baà rò pé eré ni. Àjẹkù pákó ni a ń tọrọ ní ìsọ̀ káfíńtà: ìrókò, apá, tàbí igi osùn tí ó pọ́n. Igi náà gbọdọ̀ gbẹ dáadáa, nítorí pé igi tútù a máa sún kì bí ó bá ń gbẹ lọ, a sì máa là. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lára ìrókò ní láti fi aṣọ bo imú rẹ̀, kí ó sì jókòó sí ìta gbangba, nítorí èérún ìrókò tí ó kúnná a máa yọ ènìyàn lẹ́nu ní imú àti ní àyà, a sì máa mú kí ara yún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn tí a bá ti fi ayùn gé igi náà ní ìwọ̀n, ihò inú rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lu, kí a tó gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbà bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. A gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi rẹwà, nígbà tí a wá ń lu inú rẹ̀, ìlu yà bàrá, ó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì di igi ìdáná. Olùkọ́ wa kò wí nǹkan kan. Ó kàn fún wa ní igi mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé inú ni a ń tún ṣe kí a tó tún ẹ̀yìn ṣe, a sì gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ara igi nìkan. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ọ̀bẹ àti fáìlì mú un wá sí bí a ti ń fẹ́, a ó fi sáńpépà dán an, láti orí èyí tí ó le dé orí èyí tí ó kúnná, a ó sì fi ìda oyin pa á lára. Ọ̀pá tàdáwà tí ń bẹ nínú bírò ni a ń tì bọ inú rẹ̀. Bí ó bá tán, ọ̀pá nìkan ni a ó pààrọ̀, igi náà wà síbẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan òòfà. Òòfà tí a ń lò rí bí òrùka kékeré: ọ̀kan ní ọrùn kálámù, tí ọ̀pá tàdáwà ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan ní ẹnu ọmọrí, àti ọ̀kan ní ìdí kálámù, kí ọmọrí lè rí ibi dúró sí nígbà tí a bá ń kọ̀wé. Neodymium, irin àti boron ni a fi ń ṣe irú òòfà bẹ́ẹ̀. Láàrin 1982 sí 1984 ni àwọn onímọ̀ ní Japan àti ní Amẹ́ríkà ṣe é jáde, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀: bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 80 ti Celsius, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára. Nítorí náà a kì í fi iná sún mọ́ ọn. Àtè líle tí a ń po méjì pọ̀ ni a fi ń lẹ̀ ẹ́.

Gbogbo òòfà ni ó ní ojú méjì, àríwá àti gúúsù. Àríwá a máa fa gúúsù mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí àríwá bá kojú àríwá, wọn a máa lé ara wọn. Gbogbo wa ni a ti kọ èyí sínú ìwé wa láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú wa kánjú lẹ òòfà rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan láìdán an wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ó fẹ́ dé kálámù rẹ̀, ọmọrí náà ń sá fún kálámù bí ẹni tí ó rí ejò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àsìkò láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ẹ̀kọ́ òòfà, kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn dé ìdí bí ẹni náà. Ohun tí ó wà nínú ìwé wa lásán ti wà ní ọwọ́ tirẹ̀. Èyí ni ìdáhùn wa fún àwọn tí wọ́n ní àkókò ni a ń fi ṣòfò. Àwọn àgbà sì ti wí pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

A kò sọ pé kálámù onígi ń sọ ìkọ̀wé burúkú di rere. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ ṣùbú, yóò máa wọ́ ṣùbú bí a tilẹ̀ fi wúrà gbẹ́ kálámù fún un. Ohun tí a rí ni pé a kì í gbàgbé é sílẹ̀ kiri. Bírò tí a rà lọ́jà, a kò mọ iye rẹ̀ tí ó ti sọnù lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́ kálámù mọ ibi tí ó wà ní òru. Kí ẹni tí ó ní in sáà ṣọ́ra kí ó má fi í sí ẹ̀gbẹ́ káàdì ìfowópamọ́ tí ó ní ọ̀já dúdú lẹ́yìn, kí ó má sì gbé e súnmọ́ àyà aláìsàn tí a fi ẹ̀rọ sí lára láti mú kí ọkàn rẹ̀ máa lù déédéé.

Wàyí o, a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi í ta ọmọdé lọ́rẹ. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ mú bírò tí a rà lọ́jà, kí ẹ wo orí ọmọrí rẹ̀: ẹ ó rí ihò kékeré kan lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. A dá a síbẹ̀ kí èémí lè gba inú rẹ̀ kọjá bí ọmọ bá gbé ọmọrí mì tí ó há a lọ́fun. Àwọn tí ń ṣe bírò mọ̀ pé ọmọdé a máa jẹ ọmọrí lẹ́nu. Àwa náà mọ̀ ọ́n; kò sí ẹni tí ó ti dúró níwájú kíláàsì kìn-ín-ní tí kò tíì yọ ọmọrí bírò kúrò lẹ́nu ọmọ. Ọmọrí onígi tiwa kò ní ihò kankan, òòfà sì wà ní ẹnu rẹ̀.

Ewu òòfà ju ti ọmọrí lọ. Bí ọmọ bá gbé ẹyọ kan mì, ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé méjì mì, ọ̀kan lè wà ní apá kan ìfun, kí èkejì wà ní apá kejì. Wọn yóò fa ara wọn, wọn yóò fún ìfun mọ́ àárín, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ yóò sì lu. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń yọ ọ́, ọmọ sì lè kú. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ṣe òfin ní 2014 lórí àwọn òòfà kéékèèké alágbára tí a ń tà fún eré. Ilé-ẹjọ́ fagi lé e ní 2016. Wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 2022. Kálámù kọ́ ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ kò mọ̀ bóyá inú ohun ìṣeré ni òòfà ti wá tàbí inú kálámù.

Ẹnìkan lè wí pé, “A ti lẹ̀ ẹ́ pinpin, kò lè tú.” Igi kì í dúró lójú kan. Ní àkókò òjò a máa wú, ní àkókò ọyẹ́ a máa sún kì, àtè a sì máa tu díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí àwa fúnra wa lẹ̀ tú nígbà ọyẹ́. A wá òòfà náà lórí ilẹ̀ títí agogo fi lù, a kò rí i. Ọjọ́ kejì ni a tó rí i níbi tí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn onírin. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ kíláàsì ọmọ kéékèèké ni ó bọ́ sí, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i?

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ gbẹ́ kálámù kan fún ara rẹ̀ kí ó tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, òòfà àti gbogbo rẹ̀, kí ó sì máa fi í ṣiṣẹ́. Kí kálámù náà máa wà ní àpò olùkọ́. Bí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ẹ̀kọ́ òòfà, kí ó mú un jáde, kí wọ́n wò ó, kí ó sì dá a padà sí àpò rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ kéékèèké, pẹ́ńsùlù ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń lò ó títí yóò fi kúrú débi pé ìka wọn kò lè dì í mú mọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ọ̀pá igi tí ó ní ihò lẹ́nu fún wọn, tí wọn yóò máa ti ìdí pẹ́ńsùlù kúkurú bọ̀, kí ó lè gùn tó ọwọ́ wọn. Kò ní ọmọrí, kò ní òòfà, àjẹkù pákó kan náà ni yóò sì tó o. Ọjọ́ ìparí sáà ṣì kù díẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ nísinsin yìí, yóò kárí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èrò tí ó yàtọ̀ sí tiwa, ojú ewé ń bẹ nínú ìwé ìròyìn yìí fún un. Kí ó fi kálámù rẹ̀ dá wa lóhùn. Inú wa yóò sì dùn jù bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ.