Yorùbá Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Kò Lè Kà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo gbé wá. Nínú ilé tí mò ń gbé ní Ìpàtà, Ìlọrin, bàbá onílé yọ ìwé àtijọ́ kan jáde láti inú àpótí wọn. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo yára ní n kò gbọ́ Lárúbáwá. Ọmọ ọmọ wọn, tí ń lọ ilé-kéwú, gbà á, ó sì kà á sókè: wákà ni, Yorùbá pọ́ńbélé! Èmi tí mò ń gba oyè nínú Yorùbá wá di òpè.

Láti ìgbà ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875 ni lẹ́tà Látìn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilé-ìwé. N kò bá a jà. Òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí a gbàgbé èkejì?

Àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì tí a ń pè ní humanist kò gbàgbé ìwé àtijọ́ tiwọn. Ní 1345, Petrarch rí àwọn lẹ́tà Cicero ní Verona, ó sì dà wọ́n kọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní gírámà, ìtàn, ewì àti ìwà. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí àwa ń kọ́ ní yunifásítì ti fa gbòǹgbò.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete ti dá ibùdó sílẹ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ó dára púpọ̀. Ta ni yóò kà wọ́n? Kí ẹ̀ka Yorùbá pe àwọn àáfà wá kọ́ wa, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Igun ìwé bàbá yẹn, ikán ti jẹ ẹ́.