Kì Í Ṣe Páànù Nìkan Ló Wà ní Mápó

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gun Òkè Mápó, a ti mọ fọ́tò tí yóò yà: páànù tó ti dógùn-ún, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Fọ́tò náà dára, àwa náà ti yà á. Àmọ́ ó tó gẹ́ẹ́. Ohun abẹ̀mí ń bẹ lábẹ́ páànù yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í yà. Ohun tí a ń sọ ni pé ká máa yà wọ́n, ká sì máa kọ orúkọ Yorùbá wọn sí i.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri ní Bẹyẹrúnká, níbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà. Rinrin ló hù síbẹ̀. Pèrègún wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé, alángbá ń yáòòrùn, lékeléke ń kọjá lókè. Àwọn ìyá eléwé ọmọ l'Ọ́jà'ba yóò dárúkọ ogún ewé kí àwa tó dárúkọ mẹ́ta.

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ayàwòrán ni kó tó di babaláwo tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí. Kò fi mọ sórí fọ́tò. Ó ń béèrè orúkọ ewé lọ́wọ́ àwọn babaláwo, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Ewé, jáde ní Brazil lọ́dún 1995. Bí àlejò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló ń dí àwa onílé lọ́wọ́?

Ọ̀fẹ́ ni iNaturalist lórí fóònù. Ẹ fi fọ́tò sí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á, àwọn tó mọ̀ kárí ayé yóò sì bá yín sọ ohun tó jẹ́. Wọn yóò pe rinrin ní Peperomia pellucida. Ó gba orúkọ ní èdè mìíràn náà. Àwa ló yẹ ká fi "rinrin" síbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní fọ́tò kò lè gba ẹ̀dá kankan là. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a kò kà, a kì í mọ̀ pé ó ti dín. Àwọn àgbà ní gúnnugún kì í kú léwe. Síbẹ̀, lọ́dún 2015, àjọ IUCN gbé irú igún tó wọ́pọ̀ jù lágbègbè wa sí ìpele tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Májèlé wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń pa á tà fún oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa, orí rẹ̀ gbígbẹ lórí àtẹ lékulẹ́ja nìkan la mọ̀. Ta ló ní fọ́tò igún tó bà sórí òrùlé n'Íbàdàn nígbà tó ṣì pọ̀?

Ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ kí ìyá eléwé kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ ra ewé, ẹ béèrè orúkọ, ẹ tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má yà á, ẹ má yà á. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ewé márùn-ún péré, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá márùn-ún.