Bí Èsì Àyẹ̀wò Ẹnu Ilé Ọmọ Kò Bá Dára, Ẹ Má Fi Ìwé Náà Sábẹ́ Ẹní



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, a kì í fẹ́ sọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá ilé kan lè ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n sọ fún un pé èsì kò dára, kó lọ bá dókítà àgbà n'Ìbàdàn fún àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń pè ní colposcopy. Ẹ̀rù á bà á, ojú á tì í láti sọ fún bàbá, owó ọkọ̀ kò sì sí. Ìwé á wọ abẹ́ ẹní, oṣù á máa gorí oṣù. Lójú tèmi, abẹ́ ẹní yẹn ni ewu wà, kì í ṣe inú ìwé.

Èsì tí kò dára kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kòkòrò àrùn HPV wà lẹ́nu ilé ọmọ, tàbí pé ara ibẹ̀ ti ń yí padà. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kòkòrò yìí á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Níbi tí kò bá lọ, ó sábà máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di jẹjẹrẹ. Àánú Ọlọ́hun ni àkókò gígùn yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iye tó ti lọ nínú tirẹ̀.

Colposcopy kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Hans Hinselmann, dókítà ará Jámánì, ló gbé e jáde ní 1925. Ìyá á dùbúlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ aboyún wò. Dókítà á fi ẹ̀rọ oníná tó ń mú nǹkan tóbi wo ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀rọ náà kì í wọ inú ara. Á fi fínígà tí wọ́n là pa ibẹ̀, ibi tó ti yí padà á sì funfun. Bó bá rí nǹkan, á gé ẹran tín-ín-rín lọ sí lábù. Ìyá á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá rí i pé ó nílò ìtọ́jú, wọ́n lè jó ibẹ̀ tàbí kí wọ́n gé e kúrò láì yọ ilé ọmọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn bàbá kan á ní, "Ìyá Àlíyù, ṣé kí ọkùnrin mìíràn wá máa wo ìhòòhò rẹ ni?" Ìbéèrè ẹ̀sìn ni, ẹ̀sìn sì ti dáhùn. Ní 1993, ìgbìmọ̀ fíkíhì àgbáyé tí àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí dá sílẹ̀ jókòó ní Brunei. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wá dókítà obìnrin tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí kò bá sí, obìnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí tó ṣe é fọkàn tán. Lẹ́yìn náà ni dókítà ọkùnrin, kó wo ibi tí àìsàn wà nìkan, kí ọkọ tàbí ẹni tó ṣe é fọkàn tán wà níbẹ̀. Ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) yin àwọn obìnrin Mẹ̀dínà nítorí pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọn. Ìtìjú tó ń pani kì í ṣe ìmàle.

Ọ̀rọ̀ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí ọkọ gbọ́ pé ìbálòpọ̀ ni HPV ń bá rìn, kó wá fura sí ìyàwó rẹ̀. Nínú ìwádìí tí àwọn dókítà gbé jáde ní 2004, wọ́n yẹ obìnrin 932 wò ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Nǹkan bí 26 nínú 100 ló ní i, tọmọdé tàgbà. Ṣé oníṣekúṣe ni gbogbo wọn? Kòkòrò yìí lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhàn, ó sì lè jẹ́ ara ọkọ ló ti wá. Fífi àgbèrè kan obìnrin láìsí ẹlẹ́rìí mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Níbi tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, kí gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ó wá ku owó. Bí ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ìjọba dá bá jìnnà, tí apá yín sì ká a, ẹ lọ sí ti aládàáni; kì í ṣe ìná-àpà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun mẹ́rin kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ta ni yóò ṣe é, ṣé ó kọ́ iṣẹ́ náà, ṣé dókítà obìnrin wà? Ṣé owó lábù wà nínú iye tí wọ́n dá, àbí ọ̀tọ̀ ni? Ọjọ́ wo ni èsì yóò jáde, ta ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀? Bó bá gba ìtọ́jú, ṣé wọn yóò ṣe é níbẹ̀, àbí wọn yóò kọ ìwé sí UCH? Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí àyẹ̀wò láìku ti ìtọ́jú, ẹnu ọ̀nà ló dé, kò tíì wọlé.

Mo rọ àwọn asalátù wa kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó sàárà fún owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. A máa ń dáwó fún ìnáwó òkú. Ẹ jẹ́ kí á dá a fún alààyè.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù, tí fíkíhì ń pè ní istihádà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá nìkan. Bó bá ń jáde lẹ́yìn tí ẹ bá bá ọkọ sùn, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ẹ tètè lọ bá dókítà. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2023. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ìyá ilé lálẹ́ òní. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.