Àwọn Ọmọ Wa Ń Ké Ìwé, Wọn Kò Kà Á

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú,

Ní oṣù tí ó kọjá, àwa díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí bẹ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wò. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ka ojú ìwé kan láti òkè dé ilẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara, olùkọ́ sì ní kí a pàtẹ́wọ́ fún un. Gbólóhùn yìí wà nínú ohun tí ó kà: "Olú sọ fún Àdìó pé òun ti san owó náà." A bi í pé, ta ni ó san owó? Ọmọ náà kò wo ìwé. Ojú olùkọ́ ni ó ń wò. Ó ní, "Àdìó ni, sà." Gbogbo kíláàsì sì gbè é.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "òun" yìí, Olú tí ń sọ̀rọ̀ ni. Bí ó bá ṣe pé "ó ti san owó náà" ni a kọ, ẹlòmíràn ni ó san án. Ọmọ yẹn mọ ìyàtọ̀ yìí ní ojúde bàbá rẹ̀. Bí a bá fi rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, yóò figbe ta. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ ọ láti fi ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Kí ni èyí kan ìlú? Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Olúwa ní Àpápá, wọn kò fẹ́ san owó rẹ̀ pé. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pe ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 àwọn adájọ́ àgbà dá a pé ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ọgọ́ta ọdún kọjá kí a tó rí ẹni ka ìwé kan náà fún wa bí ó ti yẹ!

Ohun tí a ń béèrè kò gba owó. Kí olùkọ́ mú ìpínrọ̀ kúkúrú kan. Kí ọmọ kà á lẹ́ẹ̀kan fún ìtàn, kí ó tún un kà pẹ̀lú ìka lórí ọ̀rọ̀ àti àmì ohùn, nítorí ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kí a bi í pé, "Níbo ni ó ti wí bẹ́ẹ̀?" Àwọn ìyá wa ń ṣe irú èyí nínú àlọ́ àpamọ̀: ẹni tí kò wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kò lè já a.

Àwọn kan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò sọ ọmọ di aláfojúdi. Ọmọ ni a ó máa bi, kì í ṣe àgbà. Bí ìdáhùn ọmọ ọdún 9 bá sì lè dójú ti olùkọ́ kan, kí olùkọ́ náà tún ìwé rẹ̀ kà.

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 2025 wọ́n fagi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni láti 1970, ní Ifẹ̀, a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò fi èdè tí kò tíì gbọ́ wá ìyàtọ̀ "òun" àti "ó"?

Ẹ̀yin olóyè tí a ń pè wá jókòó níwájú ní ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn, ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́ fún ohùn dídùn. Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ ṣí i, kí ẹ sì ní kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ti rí ìdáhùn.