Ẹ béèrè orúkọ ewé kó tó pẹ́

Ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀bẹ gé mi níka níbi tí mo ti ń gé àlùbọ́sà. Ìyá àgbà tó ni ilé tí mò ń gbé ní Ireland níbí bá mi wá plásítà, wọ́n wá rẹ́rìn-ín pé láyé ìyá àwọn, jànkáriwọ̀ ni wọn ì bá fi dí i. Mo ní háà! Èmi náà sọ fún wọn pé ewé Akíntọ́lá ni màmá àgbà mi máa ń fọwọ́ ra, tí wọ́n á fún omi ẹ̀ sójú ọgbẹ́.

Bí mo ṣe forí lé kọ̀ǹpútà nìyẹn. Láàárín 1937 sí 1939, wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ireland lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣe é tó 50,000. Yunifásítì kan ní Dublin ló ń tọ́jú ẹ̀, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: jànkáriwọ̀ fún ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀; ewé dock fún ibi tí èsìsì wọn bá ti jó èèyàn; búrẹ́dì tí wọ́n fomi gbígbóná rẹ, tí wọ́n á dì mọ́ ibi tí ẹ̀gún wọ̀ sí kó lè fà á jáde. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹni tó bá ti fi ahọ́n lá aláǹgbá rí, tó bá lá ibi tí iná ti jóni, á jinná!

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ lá aláǹgbá o. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa. Wọ́n máa ń fi bọ́tà ra ibi tí iná jó. Àwa náà ń da ẹyin tútù sí i. Àṣìṣe ni méjèèjì. Omi ẹ̀rọ tó tutù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Jànkáriwọ̀ náà lè kó ìdọ̀tí wọnú ọgbẹ́.

Àmọ́ wọn ò tijú. Wọ́n kọ ọgbọ́n, wọ́n kọ àlá, torí ẹ̀ la ṣe lè ṣà wọ́n lónìí. Tiwa ńkọ́? Màmá àgbà mi ti lọ. Ewé tí wọ́n fi wo ẹsẹ̀ mi tó rọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní. Fóònù wà lọ́wọ́ mi nígbà ayé wọn o! Ijó òde àríyá ni mò ń fi ká sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, lópin ọ̀sẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá pe ilé, tẹ́ ẹ ti béèrè bóyá owó wọlé, ẹ béèrè orúkọ ewé. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.