Wákàtí Kan Lójú Sánmà, Odidi Ọjọ́ Kan Lójú Ọ̀nà

Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Kàdúná ṣe ibùgbé, láti Túdún Wádà títí dé Kàkúrí, mọ òwe yìí dunjú. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀pọ̀ ará ilé kò tíì mọ bí ilé ti jìnnà tó sí ẹni tí ń bọ̀.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Kàdúná sí ti Ìkẹjà, bí ẹyẹ ti ń fò, kò ju nǹkan bí 635 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá a máa sáré tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ro àkókò ìgbéra àti ìbalẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀.

Ìṣirò yìí ni àwọn ará ilé gbọ́ tí wọ́n fi ń bínú. Bàbá kú ní Ìbàdàn lówùúrọ̀, ẹ̀sìn Mùsùlùmí kò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ọmọ Kàdúná kò sì tíì dé. Kíá ni wọn yóò ní kò bìkítà. Wọn kò rántí pé ọkọ̀ òfuurufú ní àkókò tirẹ̀, pé owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ lọ, àti pé láti Ìkẹjà, ó ṣì ku ohun tó lé ní 100 kìlómítà kí ènìyàn tó dé Ìbàdàn.

Ọ̀nà ilẹ̀ ni ti mẹ̀kúnnù. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Bìrìnín Gwárì, Mọ́kwà àti Jẹ́bà ló yá jù, ṣùgbọ́n àwọn agbébọn ti sọ ọ́ di ẹ̀rù. Ẹni tó bá tìtorí èyí gba Àbújá àti Lọ́kọ́jà lọ sí Èkó yóò rin nǹkan bí 900 kìlómítà. Odidi ọjọ́ kan nìyẹn, bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin ni ìbá tán ìṣòro yìí. Irin tuntun Àbújá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ti Èkó sí Ìbàdàn ní 2021. Agbede méjì Ìbàdàn sí Àbújá ni ó ṣófo. Ààbò sì ṣe kókó: nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ irin Kàdúná ní oṣù Kẹta 2022, ó di oṣù Kejìlá kí ó tó tún gbéra. Ó yẹ kí ìjọba so irin náà pọ̀, kí ó sì ṣọ́ ọ.

Títí di ìgbà náà, kí àwọn ẹbí má ṣe fi ojú ọkọ̀ òfuurufú wo ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Bí ìsìnkú kò bá lè dúró, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ bá àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kí ará àjò náà má sì fi jíjìn ọ̀nà ṣe àwáwí: ẹni tó mọ̀ pé òun lè má bá òkú òbí òun nílẹ̀, kí ó tètè máa wá kí wọn nígbà tí wọ́n wà láàyè.